Ohun Tí Mo Rí Nínú Ẹnu Ìbọn Pápà

Kí n tó sọ ohunkóhun nípa ìbọn Pápà, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ariwo ilé wa, nítorí ọ̀nà etí ni ẹ̀rù kọ́kọ́ gbà wọ inú mi. Olówógbowó ni à ń gbé, nínú ilé alájà kan tí bàbá Pápà kọ́ nígbà tí wọ́n ti Sàró dé. Òkúta ni ìsàlẹ̀ rẹ̀, pákó ni òkè, àwọn fèrèsé onígi rẹ̀ sì máa ń ké bí ọmọ ológbò tí afẹ́fẹ́ ọ̀sà bá fẹ́ sí wọn. Láàárọ̀, agogo ṣọ́ọ̀ṣì àti ohùn ládàánì láti ìhà Ìsàlẹ̀ Èkó á pàdé lórí páànù òrùlé wa, fèrè ọkọ̀ ojú omi á dún láti Màrínà, ìyá tó ń ta kẹrosíìnì á sì máa lu agolo rẹ̀ lọ lábẹ́ ilé. Ariwo wọ̀nyẹn kò dẹ́rù bà mí. Ṣùgbọ́n lọ́dún tí mò ń sọ yìí, àwọn tó ń kọ́ afárá lápá Apọ́ngbọ̀n ń fi òòlù ńlá kan gbá òpó wọ inú ọ̀sà. Gbì! Á dákẹ́. Gbì! Àwọn abọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù á mì. Ogun ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ni. Kò jà dé ọ̀dọ̀ wa, ṣùgbọ́n ó fi sójà sílẹ̀ lójú títì, ó sì fi ọ̀rọ̀ ìbọn sílẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbà. Wọ́n ń sọ nípa àwọn olè tí wọ́n so mọ́ àgbá létí òkun tí wọ́n yìnbọn pa, tí èrò lọ wò ó bí ẹni lọ wo eré. Wọ́n á sọ ọ́ tán, wọ́n á máa jẹun wọn lọ. Èmi ò lè jẹun. Gbogbo ìgbà tí òòlù afárá bá dún, ńṣe ni mo máa ń rò pé wọ́n ti so ẹlòmíràn mọ́ àgbá.

Mo mọ̀ pé ọjọ́ orí mi kò tíì tó ti ẹni tó ń jókòó kọ ìrántí. Kò tíì pẹ́ tí mo jáde ní yunifásítì, wọ́n sì ti rán mi wá sìnlú ní ìlú kékeré kan tí àwọn ọdẹ pọ̀ sí. Bàbá tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tèmi máa ń tún ìbọn rẹ̀ ṣe nírọ̀lẹ́. Á máa kọrin, á máa nu irin, èmi á sì ti ilẹ̀kùn mi, máa jókòó sórí ọwọ́ ara mi kí ó má baà gbọ̀n. Ojú ń tì mí. Mo ti kàwé débi tí mo fi lè ṣàlàyé fún ẹlòmíràn pé ìbẹ̀rù ìgbà èwe kì í kúrò lára bọ̀rọ̀, síbẹ̀ àlàyé yẹn kò dá ọwọ́ mi dúró. Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ má bínú bí mo bá ń sọ bí inú mi ti rí jù. Bí n kò bá sọ ọ́, ohun tó ṣẹlẹ̀ yóò dà bí nǹkan kékeré, kò sì kéré.

Pápà ni bàbá tó bí bàbá mi. Bàbá mi fúnra rẹ̀, Bọ́lá, ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi, a kì í rí i àfi tí ọkọ̀ wọn bá wọ Àpápá. Nítorí náà, àwa tí a wà lókè ilé kò ju Pápà, Ìyá Àgbà ìyàwó rẹ̀, Máàmi, èmi Títí, àti àbúrò mi ọkùnrin tí Máàmi ṣẹ̀ṣẹ̀ bí, tí orí rẹ̀ kò ju ọsàn lọ lójú mi. Reluwé ni Pápà bá ṣiṣẹ́ nígbà tó lágbára. Wọ́n gbé e kiri àwọn ìlú òkè títí dé ilẹ̀ Haúsá, níbẹ̀ ló sì ti ra ìbọn náà lọ́wọ́ òyìnbó kan tó ń padà sílé. Kì í ṣe ṣakabùlà bíi ti àwọn ọdẹ tí a mọ̀. Irin kan wà lábẹ́ rẹ̀ tó rí bí òrùka gígùn, tí ìka ọwọ́ lè wọ̀. Bí o bá fà á sílẹ̀, ọ̀fun ìbọn á ṣí lókè. Bí o bá dá a padà, ọ̀fun á pa dé. Àgbọ̀n ni Pápà ń pe irin yẹn, nítorí, gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń sọ, "bí èèyàn ló ṣe ń jẹun." Ọ̀pá méjì ni ìbọn náà ní, ọ̀kan sùn sábẹ́ èkejì. Ti òkè ni ọta ń gbà jáde. Inú ti ìsàlẹ̀ ni àwọn ọta máa ń tò sí, tí sípíríǹgì kan á máa tì wọ́n bọ̀ síhà ọ̀fun. Bí Pápà bá fẹ́ mọ̀ bóyá ìbọn ti ṣófo, á fa àgbọ̀n, á dá a padà, á tún fà á, kẹ́-kẹ̀ẹ̀, kẹ́-kẹ̀ẹ̀, títí tí ohunkóhun kò fi ní jáde mọ́. Ohun tí gbogbo ilé gbà gbọ́ nìyẹn: bí nǹkan kò bá jáde, nǹkan kò sí níbẹ̀.

Afẹ́fẹ́ Èkó kò fẹ́ràn irin. Iyọ̀ ló ń gbé bọ̀ láti inú ọ̀sà, àwọn ìṣó ara ògiri wa sì máa ń sun omi pupa sílẹ̀ bí ẹni tó ń sunkún. Pápà a máa sọ pé, "Bí o bá gbàgbé irin lóṣù kan ní Èkó, irin á gbàgbé ìwọ náà." Torí náà, lóṣooṣù, ní àárọ̀ Sátidé, á gbé ìbọn jáde. Á fi ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ ti àkísà tí a rẹ sínú kẹrosíìnì wọlé láti ẹnu ìbọn, nítorí irú ìbọn yẹn kò ní ọ̀nà ẹ̀yìn tí a lè gbà nù ún. Àkísà àkọ́kọ́ á jáde ní dúdú, èyí tó tẹ̀ lé e á jáde bí omi ẹlẹ́ẹ̀kọ, á sì máa bá a lọ títí ọ̀kan á fi jáde ní funfun. Lẹ́yìn náà ni á ki ìyẹ́ adìyẹ bọ òróró mọṣíìnì ìránṣọ, á kàn fi kan àwọn oríkèé àgbọ̀n. "Díẹ̀ ni, Títí. Òróró tó bá pọ̀, ìdọ̀tí ló ń pè wá jẹun." Á nu igi ìdí rẹ̀ títí á fi máa dán. Ní ìkẹyìn, tí gbogbo rẹ̀ bá ti tán, á pa àgbọ̀n dé, á sì fa apátí, irin kékeré tí wọ́n ń fà kí ìbọn tó dún, kí òòlù ìbọn lè sùn. Ìró yẹn, tàk, ni àmì pé iṣẹ́ parí.

Iṣẹ́ tèmi ni ojú. Kí ó tó pa àgbọ̀n dé, Pápà á ki bébà funfun díẹ̀ sínú ọ̀fun ìbọn tó ṣí sílẹ̀, á yí i síhà ìmọ́lẹ̀, èmi á sì gbé ojú mi lé ẹnu ìbọn láti wò ó bóyá inú rẹ̀ mọ́. Mo máa ń rí nǹkan roboto tó ń tàn nísàlẹ̀ pátápátá, bí òṣùpá nínú kàǹga. "Kí lo rí?" "Òṣùpá, sà." "Ó mọ́?" "Ó mọ́, sà." Pápà ní ojú ọmọdé kò tíì rí èéfín ayé, ìdí nìyẹn tó fi ń lo tèmi. Inú mi a máa dùn sí ọ̀rọ̀ yẹn, ẹ̀rù a sì máa bà mí nígbà kan náà, n kò mọ bí mo ṣe lè ṣàlàyé rẹ̀ ju báyìí lọ: mo fẹ́ kí Pápà gbẹ́kẹ̀ lé mi, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ gbé ojú mi síbẹ̀. Bí mo bá gbé e síbẹ̀, etí mi á máa hó. Irin á tutù yí ojú mi ká. Mo máa ń rò ó pé bí ìbọn yìí bá fẹ́ sọ̀rọ̀, èmi ni yóò kọ́kọ́ bá sọ ọ́.

Tẹ́lẹ̀, abẹ́ igi gbẹ̀rẹ̀fútù tó wà lẹ́yìnkùlé ni Pápà ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, ilẹ̀ ni ẹnu ìbọn sì máa ń kọjú sí. Ṣùgbọ́n lọ́dún yẹn orúnkún rẹ̀ kọ àtẹ̀gùn. Ó gbé àga rẹ̀ sẹ́bàá fèrèsé yàrá òkè, ó gbé tábìlì síwájú rẹ̀, bó ṣe jókòó yẹn sì ni ẹnu ìbọn ṣe ń kọjú sí ògiri yàrá Máàmi. Ẹ má rò pé ògiri gidi ni. Pákó lásán ni, tí wọ́n fi ìwé ìròyìn àtijọ́ lẹ̀ lójú. Ẹ̀yìn pákó yẹn gan-an ni bẹ́ẹ̀dì Máàmi wà, orí bẹ́ẹ̀dì sì ni àbúrò mi wà. Lálẹ́ mo máa ń wo pákó náà, mo máa ń fi ìka tì í wò. Ó máa ń tẹ̀.

Mo bá Máàmi sọ ọ́. "Máàmi, ẹ jẹ́ ká gbé bẹ́ẹ̀dì yín lọ sápá ọ̀hún."

"Kí ọyẹ́ wá gbé ọmọ mi? Kí ló dé?"

"Ìbọn Pápà ń wo ibí."

Ó rẹ́rìn-ín débi tí ọmú fi bọ́ lẹ́nu ọmọ. "Ìbọn ń wo ibí! Títí, ìwọ ọmọ yìí, bí eṣinṣin bá bà lé ẹ, o ó ní ikú dé. Ìbọn tí kò ní ọta, kí ló yàtọ̀ sí ọmọrogùn?"

Ìyá Àgbà wà lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ń ṣa ẹ̀wà nínú àwo pẹrẹsẹ. "Má fi ọmọ rẹ́rìn-ín. Ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí wọ́n kọjú rẹ̀ sí òun?"

"Ẹ bá Bàbá sọ ọ́ nígbà náà, Mà. Ìyàwó wọn lẹ jẹ́."

"Bàbá yín kì í gbọ́," ni Ìyá Àgbà wí, ó sì fẹ́ èèpo ẹ̀wà dànù. "Ẹni tó ń gbọ́ ni mò ń bá sọ ọ́."

Mo rò pé Ọlọ́run ló ní lọ́kàn, kò sì yà mí lẹ́nu, nítorí Ìyá Àgbà máa ń bá a sọ̀rọ̀ ju gbogbo wa lọ. Ẹnu Ọ̀wá ni wọ́n ti bí i, tí wọ́n sọ ọ́ ní Sàfú. Alágbẹ̀dẹ ni bàbá rẹ̀, ẹni tó ń kírun lẹ́ẹ̀márùn-ún lóòjọ́ tó sì ń bọ irin rẹ̀ lọ́dọọdún, láìrí ìjà kankan láàárín méjèèjì. Ìgbà tó fẹ́ Pápà ló wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ó máa ń dé àkẹtẹ̀ funfun lọ́jọ́ Ìsinmi, ó mọ orin ìyìn ju àwọn akọrin lọ, ṣùgbọ́n títí ó fi kú, bísímílà ló fi ń ṣí ìkòkò ọbẹ̀. Pápà a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé lọ́jọ́ ìdájọ́, àwọn áńgẹ́lì á jà lórí ẹni tó máa mú un lọ. Á ní, "Kí wọ́n jà. Kì í ṣe ẹni tí èèyàn ò fẹ́ ni wọ́n ń jà lé lórí."

Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú Sátidé tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, Pápà ti lọ ṣọdẹ lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan lẹ́yìn Ìkòròdú, gẹ́gẹ́ bó ti máa ń ṣe tí ọdún tuntun bá wọlé. Wọ́n fi mọ́tò gbé e lọ, wọ́n fi mọ́tò gbé e bọ̀, kò sì pa ẹran kankan. Ó ní ẹran ti tán nígbó yẹn, ilé ni wọ́n ń kọ́ síbẹ̀. Ó fa àgbọ̀n léraléra níwájú wa, àwọn ọta jáde, èmi sì tò wọ́n padà sínú agolo wọn. Àyè ọ̀kan ṣófo. "Á ti bọ́ sínú koríko," ni Pápà wí, ó sì dé agolo náà. Ọkàn mi kò balẹ̀. Mo rí ọta yẹn lójú inú mi nínú koríko, mo rí ọmọ tó ń fi ẹsẹ̀ lásán kọjá. Lálẹ́, mo gbàdúrà fún ọmọ kan tí n kò mọ̀ ní Ìkòròdú. Títí di òní, tí mo bá rántí àdúrà yẹn, ara mi a máa bù máṣọ, nítorí inú ilé wa ni ọta náà wà bí mo ti ń gbà á.

Ní Sátidé tí mò ń sọ, ọyẹ́ mú láti òru débi pé epo dì nínú ìgò, àfi ìgbà tí Ìyá Àgbà gbé ìgò náà sẹ́bàá iná kí ó tó lè rí i dà. Pápà wọ súwẹ́tà reluwé rẹ̀, ó fa àgbọ̀n bó ti máa ń fà á, kẹ́-kẹ̀ẹ̀, kẹ́-kẹ̀ẹ̀, nǹkan kan kò jáde. Ó pa á dé. Ó ti àkísà wọlé títí ó fi funfun, ó fi ìyẹ́ adìyẹ kan àwọn oríkèé. Ìgbà yẹn ni oúnjẹ dé, ó sì fi ìbọn sílẹ̀ lórí tábìlì. Dùndú gbẹ̀rẹ̀fútù ni a jẹ, pẹ̀lú ọbẹ̀ ata àti ẹja yíyan. A jẹ ẹ́ pẹ́, nítorí Pápà ń sọ ìtàn ọ̀gá reluwé kan tí kò lè pe orúkọ Ìlọrin. Nígbà tí a ń jẹ, oòrùn gun orí òrùlé aládùúgbò wa, ó gba ojú fèrèsé wọlé, ó sì sùn gbọọrọ lórí ìbọn láti ìdí dé ẹnu. Nígbà tí mo palẹ̀ àwo mọ́, mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan irin náà. Ó gbóná bí áyọ́ọ̀nù.

"Títí, wá wò ó, ká kó ẹrù wa nílẹ̀."

Pápà fa àgbọ̀n sílẹ̀. Ìró tó ṣe kò jọ ti tẹ́lẹ̀. Ó dà bí ẹni tó gbé nǹkan kékeré mì. Mo wo ojú Pápà. Òòlù afárá dún lákòókò yẹn, bóyá òun ni kò jẹ́ kó gbọ́. Ó ki bébà funfun sínú ọ̀fun ìbọn, ó yí i síhà ìmọ́lẹ̀, mo sì gbé ojú mi lé e.

Òṣùpá kò sí níbẹ̀. Ohun kan dúró nísàlẹ̀ kàǹga. Ó rí roboto, ó ṣókùnkùn, ìmọ́lẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì yí i ká bí ìpéǹpéjú. Kò mira. Ó ń wò mí bí mo ti ń wò ó.

"Kí lo rí?"

"Nǹkan kan ń wò mí, sà."

"Kí ni?"

"Nǹkan kan wà níbẹ̀, Pápà. Ó ń wò mí."

"Ojú ẹ ni. Mo nu irin yẹn títí ó fi di dígí, ojú ara ẹ lo rí."

"Kì í ṣe ojú mi, sà."

Ó pòṣé, ó rẹ́rìn-ín. "Ọmọ Bọ́lá! Ọjọ́ wo ni ẹ̀rù kò bà ẹ́ rí? Àná, alángbá. Ìjẹta, afárá. Lónìí, ìbọn ti lójú."

"Ẹ wò ó fúnra yín, sà."

Mi ò mọ ibi tí mo ti rí ẹnu sọ ọ́. Ọmọ kì í sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn fún Pápà. Ó yí ẹnu ìbọn sí ara rẹ̀, ó gbé ojú ọ̀tún lé e. Mo dúró sún mọ́ ọn gan-an. Oòrùn bọ́ sójú rẹ̀, mo sì rí i, fún ìgbà àkọ́kọ́, pé awọ funfun kan ti bo ẹyinjú yẹn, bí awọ inú èèpo ẹyin. Ó gbé òsì lé e. Bákan náà ni òsì rí. Nígbà náà ni Pápà, ẹni tí kò jẹ́ kí a pa irọ́ nínú ilé rẹ̀, gbé orí sókè tó sì sọ pé, "Ó mọ́. Òṣùpá ni mo rí."

Mo fẹ́ kí ó yé yín bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe bà mí lẹ́rù tó. Ìbọn ti ń bà mí lẹ́rù tipẹ́, ìyẹn kì í ṣe tuntun. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ìgbà tí ẹ̀rù ń bà mí, ohun kan ni mo dì mú: Pápà mọ̀. Bí èmi kò bá tilẹ̀ mọ̀, Pápà mọ̀. Ní báyìí mo rí i pé Pápà kò mọ̀, pé kò sí ẹnikẹ́ni nínú yàrá yẹn tó ríran àfi èmi, èmi sì nìyí, ẹni tí ẹ̀rù alángbá ń bà, tí kò sẹ́ni tó máa gbà á gbọ́. Pápà yọ bébà kúrò. Ó yí ìbọn padà sí ibi tó máa ń wò, síhà pákó. Mo gbọ́ Máàmi lẹ́yìn pákó, ó ń kùn orin sí ọmọ létí, orin tí kò ní ọ̀rọ̀. Ìka Pápà wọ inú àgbọ̀n. Á pa á dé, á fa apátí, kí òòlù lè sùn.

Mo ki ìka mi bọ ọ̀fun ìbọn. Kì í ṣe ìgboyà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè é bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rù ohun tó wà lẹ́yìn pákó ló ju ẹ̀rù ìka lọ. Mo kan nǹkan kan tó ń yọ̀, irin sì bù mí níka jẹ, nítorí Pápà ti bẹ̀rẹ̀ sí í dá àgbọ̀n padà. Mo ké. Ọmọ jí, ó ké. Pápà já àgbọ̀n sílẹ̀.

"Ṣé orí ẹ pé? Ṣé o fẹ́ kí ìka ẹ gé ni?"

"Ó wà níbẹ̀, Pápà! Ó ń yọ̀! Ẹ fọwọ́ kàn án, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ fọwọ́ kàn án!"

Bóyá ẹ̀jẹ̀ ló gbọ́ òórùn rẹ̀, bóyá ohùn mi ni. Ó rọra fi ìka tirẹ̀ síbi tí tèmi ti kúrò. Mo rí i nígbà tí ìka náà dé ibẹ̀. Gbogbo ojú rẹ̀ rọ̀ wálẹ̀. Ó yí ẹnu ìbọn síta fèrèsé, síhà ojú ọ̀run, ó dojú ọ̀fun rẹ̀ dé, ó gbọ̀n ọ́n, ọta kan sì já bọ́ sórí tábìlì. Ó yí gbirigbiri lọ sétí tábìlì, ó dúró.

Pápà wá a rí pẹ̀lú àtẹ́lẹwọ́. Ó fi ìka ra á, ó gbé e sí imú. "Epo," ló wí. Ó tún gbóòórùn rẹ̀. "Epo pupa." Ó wá gbé ohùn sókè. "Sàfú!"

Ìyá Àgbà yọ láti ìdáná pẹ̀lú ṣíbí lọ́wọ́. Máàmi ti dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn, ó gbá ọmọ mọ́yà, ó ń wo tábìlì, ó ń wo pákó, ó tún ń wo tábìlì.

"Sàfú, ta ló bu epo sí ìbọn mi?"

Kò tilẹ̀ ronú. "Èmi ni."

"Ìwọ? Tí o ń gba ara Olúwa?"

"Kí n tó gba ara Olúwa, ọmọ alágbẹ̀dẹ ni mí. Irin tí kò bá rí epo jẹ, ẹ̀jẹ̀ ló ń bèèrè. Ẹ̀ ń gbé ìbọn lọ sígbó pẹ̀lú ojú tí kò mọ ìgalà yàtọ̀ sí ọmọ èèyàn. Mo ní ẹ má lọ, ẹ lọ. Ta ni kí n wá bẹ̀? Mo bẹ irin."

"Ta ló sọ fún ẹ pé ojú mi..."

"Bàbá Bọ́lá." Ó gbé ṣíbí sílẹ̀. "Láti ìgbà wo ni mo ti ń gbé ẹran sápá ọ̀tún àwo yín, ibì kan náà, kí ọwọ́ yín má baà máa wá a kiri lójú àwọn ọmọ? Ẹ rò pé èmi ni mi ò mọ ibòmíràn tí wọ́n ń gbé ẹran sí?"

Ọ̀rọ̀ epo yẹn kò tíì yé mi nígbà náà. Ó pẹ́ kí n tó tò ó pọ̀ fúnra mi. Kí Pápà tó lọ sí Ìkòròdú ni Ìyá Àgbà ti fi epo bọ́ ìbọn ní ojú ihò ẹ̀gbẹ́, ibi tí ọta ń gbà wọlé, nítorí ibẹ̀ ló rí bí ẹnu lójú rẹ̀. Epo ṣàn wọ ọ̀pá ìsàlẹ̀. Ọyẹ́ mú un, ó dì, ó lẹ ọta tó kẹ́yìn mọ́ inú, apá sípíríǹgì kò sì ká a. Nǹkan kan kò jáde, gbogbo wa sì gbà pé nǹkan kan kò sí níbẹ̀. Oòrùn àárọ̀ yẹn ló yọ́ epo náà nígbà tí a ń jẹun tí a ń rẹ́rìn-ín, bí Pápà sì ti fa àgbọ̀n, sípíríǹgì ti ọta náà wọ ọ̀fun. Ìyá Àgbà bẹ irin pé kó má pa ẹnikẹ́ni, ẹ̀bẹ̀ náà ló sì di ohun tó mú ikú jókòó dè wá. Mi ò bínú sí i. Mo ti gbìyànjú rẹ̀ rí, kò ṣeé ṣe. Ẹ̀rù ló ba òun náà, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ gbọ́ ọ, bí kò ti sẹ́ni tó fẹ́ gbọ́ tèmi.

Máàmi ti wọlé, a gbọ́ tó ń wọ́ bẹ́ẹ̀dì nílẹ̀ gbàràgbàrà lọ sápá ọ̀hún, òun nìkan, pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Ìyá Àgbà fi àkísà funfun di ìka mi. Nígbà tí Pápà máa sọ̀rọ̀, èmi ló bá sọ ọ́, kì í ṣe àwọn.

"Mo ní mo rí òṣùpá."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Mi ò rí nǹkan kan, Títí. Ó ti pẹ́ tí mi ò ti rí nǹkan kan nínú ìbọn yẹn."

Kò fa apátí lọ́jọ́ náà. Ó fi àgbọ̀n sílẹ̀ ní ṣíṣí, ó fi okùn dè é bẹ́ẹ̀. Ní Mọ́ńdè, ó wọ kóòtù, ó fi ìwé àṣẹ ìbọn sápò, ó sì yí ìbọn náà sínú ẹní, ó ní òun ń gbé e lọ fún àwọn ọlọ́pàá, kí wọ́n bá òun tọ́jú rẹ̀, òun ò ní padà wá gbà á. Ìyá Àgbà ní kí wọ́n wá ọkùnrin kan tó máa sìn ín lọ, nítorí sójà wà lójú títì, èèyàn ò sì gbọ́dọ̀ ṣèèṣì. Pápà ní rárá. "Títí ló máa mú mi lọ."

Ó pẹ́ lórí àtẹ̀gùn, nítorí orúnkún. Lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé ọwọ́ lé mi léjìká, níṣojú gbogbo àdúgbò, níṣojú ìyá oníkẹrosíìnì tó máa ń kí i ní "Pápà ojú bí àṣá," a sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Ọwọ́ náà wúwo. Ẹní tó wà ní apá rẹ̀ kejì wúwo jù ú lọ, mo sì ń wo gbogbo ẹni tó wọ aṣọ káàkì láti òkèèrè, ọkàn mi ń lù ju òòlù afárá lọ. Nígbà tí a kù díẹ̀ ká dé orígun títì, Pápà dúró.

"Títí, ṣé gọ́tà ti kàn?"

Mo wò ó. Ó gbòòrò, omi dúdú ń ṣàn nínú rẹ̀. "Ó ti kàn, sà. Iwájú yín gan-an ni."

"Ṣé ẹ̀rù ń bà ẹ́?"

Mo rò ó bóyá kí n purọ́. "Ẹ̀rù ń bà mí gan-an, sà."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Sọ fún mi ìgbà tí mo máa gbé ẹsẹ̀."

"Ẹ gbé e báyìí, sà. Ẹ gbé e ga."

Ó sì gbé e.